Ohun tí Ọmọ Ń Ṣe àti Ohun tí Ó Ń Ṣe Ọmọ: Èrò lórí Ìperí fún Àìsàn Àṣetúnṣe, Àjogúnbá àti Ẹ̀ṣọ́ Ara

1. Ìfáárà

Gbólóhùn méjì ni ó máa ń jáde lẹ́nu òbí nígbà tí ìṣesí ọmọ bá rú u lójú. Èkíní ni, 'Kí ni ọmọ yìí ń ṣe?' Èkejì ni, 'Kí ni ó ń ṣe ọmọ yìí?' Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Ipò tí ọmọ wà nínú gbólóhùn ni ó yàtọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ọmọ ni olùwà: òun ni ó ni ìṣe náà, òun sì ni ìbáwí tọ́ sí. Nínú ti èkejì, ọmọ ti di àbọ̀: ohun kan ni ó ń ṣe é, ìtọ́jú ni ó sì tọ́ sí i. Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí dájú. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń sọ pé ibà ń ṣe ènìyàn, pé orí ń fọ́ ọ, pé òtútù ń mú un. Àìsàn ni ó máa ń jẹ́ olùwà, aláìsàn a sì máa jẹ́ àbọ̀.

Àìsàn ọmọdé kan wà tí kò tí ì rí ibi jókòó sí láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí. Òun ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní tic. Nítorí pé kò ní orúkọ tirẹ̀ nínú èdè Yorùbá, orúkọ àìsàn mìíràn ni wọ́n máa ń yá fún un, tàbí kí wọ́n pè é ní ìwàkiwà. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa rẹ̀ ti ń gbòòrò, pàápàá ní ti ohun tí ọmọ jogún àti ohun tí ó kan agbára tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Bí ìmọ̀ yìí bá wọ èdè Yorùbá láìní ìperí tí ó dọ́gba, yóò ṣi ni lọ́nà ju bí yóò ti tọ́ ni sọ́nà lọ. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìsinsìnyí ni ó yẹ kí àwọn onímọ̀ ìperí yan ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì yàn án bí ẹni tí ó mọ̀ pé ọmọ ni yóò fi ara gba àṣìyàn wọn.

2. Bí àìsàn náà ti rí

Ọmọ tí àìsàn yìí ń ṣe a máa ṣẹ́jú léraléra, a máa fa imú, a máa ju orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí ó máa gbé èjìká sókè lójijì. Ti òmíràn a máa jáde ní ohùn: a máa kùn, a máa ké kúkúrú, a máa ṣe bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọmọ. Ó máa ń le jù láàárín ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ó máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà. Ó pọ̀ lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Ti ọmọ mìíràn kì í pé oṣù díẹ̀ kí ó tó lọ. Bí ó bá jẹ́ ti ara lóríṣiríṣi, tí ó kéré tán ọ̀kan ti ohùn wà níbẹ̀, tí ó sì ti ju ọdún kan lọ, orúkọ Gilles de la Tourette ni àwọn oníṣègùn fi ń pè é. Oníṣègùn ará Faransé ni ọkùnrin yìí, tí ó kọ̀wé ní 1885 nípa ènìyàn mẹ́sàn-án tí irú rẹ̀ ń ṣe.

Ohun tí ó ṣòro jù láti fi ọ̀rọ̀ gbé ni pé ọmọ lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Kí ó tó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa ní ìmọ̀lára kan tí kò ní jẹ́ kí ara rọ̀ wọ́n àfi bí wọ́n bá ṣe é. Ẹni tí sísín gbé yóò mọ bí ó ti rí: ó lè há a mọ́ imú níwájú àgbà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ kí ó tó jáde. Kò sí ẹni tí yóò tìtorí èyí sọ pé sísín jẹ́ ìwà tí ènìyàn ń hù. Àmọ́ olùkọ́ tí ó rí ọmọ tí ó dákẹ́ nígbà tí wọ́n jágbe mọ́ ọn, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò sọ pé ọmọ náà ń fi òun ṣẹ̀sín.

3. Orúkọ tí wọ́n yá fún un

Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn yàwòrán ìyá kan ní Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, níbi tí àgbẹ̀, oníṣòwò, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń gbé pọ̀ lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje ń ju orí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ fún un láti mú.

Èkíní ni gìrì. Gìrì ni èyí tí ó máa ń gbé ọmọ kékeré nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná púpọ̀, tí ọmọ kò sì ní mọ ohun tí ó ń lọ mọ́. Ọmọ tí ń ju orí yìí mọ ohun gbogbo tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá ti di gìrì, ìtọ́jú gìrì ni yóò tẹ̀ lé e, nínú èyí tí àgbo ìtọ̀ màlúù wà. Àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ti kọ̀wé lọ́pọ̀ ìgbà, láti ọdún 1970 wá sí 1980 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nípa bí àgbo yìí ti ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ títí ọmọ yóò fi dákú, tí àwọn mìíràn kò sì jí. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ti na ẹsẹ̀ ọmọ sí iná nítorí gìrì.

Èkejì ni wárápá. Orúkọ yìí kò mọ sí ara ọmọ nìkan. Nítorí ìgbàgbọ́ pé itọ́ ẹni tí wárápá mú lè ran ẹlòmíràn, wọn yóò ya abọ́ ọmọ náà sọ́tọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa sá fún un. Irọ́ ni ìgbàgbọ́ yìí nípa wárápá gan-an. Pé ọmọ tí kò ní wárápá ń jìyà rẹ̀, irọ́ lórí irọ́ ni.

Ẹ̀kẹta ni pé kí wọ́n má fún un ní orúkọ àìsàn rárá, kí wọ́n ní àṣà burúkú ni. Pàṣán ni egbòogi èyí.

Ohun kan wà tí ó tún tóbi ju ti ìdílé kan lọ. Ní 2008, nígbà tí Mary Robertson ṣe àkójọ ìwádìí káàkiri ayé, ó rí i pé bí ọmọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn Tourette ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó dà bí ẹni pé ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó lè jẹ́ pé ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí jogún ni ó fa èyí. Ó sì lè jẹ́ pé àìsàn tí kò ní orúkọ ni ẹnikẹ́ni kò gbé wá sí ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàìní ìtàn ìwádìí àìsàn ọpọlọ àti iṣan. B. O. Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ka ènìyàn tí ó sún mọ́ 19,000 ní Igbó-Ọrà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987. Ṣùgbọ́n bí aṣèwádìí bá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ohun tí onílé lè dá mọ̀ ni onílé lè dáhùn. Àìlórúkọ kì í ṣe àìsí. Títí orúkọ yóò fi wà, kò sí ẹni tí yóò lè fi ìdí òótọ́ múlẹ̀ nínú ọ̀nà méjèèjì.

Ìperí tí ó yẹ kí a dá lábàá fún un ni 'àṣetúnṣe amúni'. 'Àṣetúnṣe' sọ bí ó ti rí: ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra. 'Amúni' ni ó ṣe iṣẹ́ pàtàkì jù, nítorí pé òun ni ó gba ọmọ kúrò ní ipò olùwà. Bí wọ́n bá sọ pé 'àṣetúnṣe ń mú un', gbólóhùn náà yóò bá 'òtútù ń mú un' dọ́gba. A lè wá pín in sí àṣetúnṣe ara àti àṣetúnṣe ohùn. Àwọn kan lè fẹ́ 'tíìkì' gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àyálò. Kò burú lẹ́nu oníṣègùn, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún ìyá tí ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, pàápàá kò sọ fún un pé kí ó sọ pàṣán kalẹ̀.

4. Ohun tí ọmọ jogún

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti fura pé àìsàn yìí máa ń rìn nínú ìdílé. Ìwádìí kan lórí àwọn ìbejì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1985 fi ohun tí ó ṣe pàtàkì hàn. Láàárín àwọn ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, bí Tourette bá ń ṣe ọ̀kan, ó ń ṣe èkejì nínú ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn tí ó ti inú ẹyin méjì wá, ìdá 8 péré ni. Ìyàtọ̀ yìí fi hàn pé ohun àjogúnbá ní agbára púpọ̀. Ṣùgbọ́n òǹkàwé ní láti wo apá kejì ìṣirò náà pẹ̀lú: bí ó bá jẹ́ pé àjogúnbá nìkan ni, ìdá 53 ì bá ti jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ méjì lè jogún ohun kan náà, kí ó mú ọ̀kan, kí ó má mú èkejì.

Ibí ni ìperí ti ṣòro jù. 'Àbùdá' ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò báyìí fún ohun kóńkó inú sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé àjogúnbá láti òbí dé ọmọ. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Àwọn onímọ̀ èdè ń lò ó fún ohun tí ìró fi yàtọ̀ sí ìró. Ẹnu ọjà sì ń lò ó fún ìwà tí wọ́n dá mọ́ ènìyàn, tí kò ṣeé yí padà. Bí ìyá bá gbọ́ pé àbùdá ni ó fà á, àdámọ́ ni yóò gbọ́, àkúnlẹ̀yàn ni yóò rò, yóò sì ká ọwọ́ lẹ́rán. Ó sàn kí àwọn onímọ̀ gba 'jíìnì' fún ohun kóńkó tí a lè kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi 'àbùdá' sílẹ̀ fún ohun tí ojú rí lára ènìyàn.

Fún ohun tí àjogúnbá ń ṣe nínú irú àìsàn yìí, 'okùnfà' kò tọ́. Okùn tí ó bá fa ẹrù, ẹrù náà kò lè ṣàìtẹ̀lé e. 'Ìtẹ̀sí' ni ó tọ́: ìtẹ̀sí àjogúnbá. Ògiri tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kò tí ì wó. Ó lè má wó títí láé. Òjò, ẹ̀fúùfù àti ìpìlẹ̀ ni yóò dá a mọ̀. Ohunkóhun tí ó bá sì ń fi kún ìtẹ̀sí náà ni a lè pè ní 'amúnitẹ̀sí'.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Láti 1967 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ti wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Níbẹ̀ ni Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà tí ó dé ní 1971, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TMS 30572 jáde, èyí tí ó lè bá àrùn tí ń sọ ewé di alábàwọ́n àti kíká kò jà. Àgbẹ̀ tí ó gbin ín mọ̀ pé igi ẹ̀gẹ́ kan lè ní ìtẹ̀sí sí àrùn ju òmíràn lọ, àti pé igi kan náà nínú oko méjì kì í rí bákan náà. Ohun tí ó mọ̀ nípa ẹ̀gẹ́ yìí ni ìperí ní láti bá a mú wọ ilé.

Ìdí pàtàkì mìíràn wà. Kí Yorùbá tó fẹ́ ìyàwó, wọ́n máa ń wádìí ìdílé. 'Àrùn ìdílé' sì ti tú àdéhùn ìgbéyàwó púpọ̀ ká. Lóde òní, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítorí fòníkú-fọ̀ladìde ti wọ inú àṣà yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé jíìnì kan péré ni ó wà nídìí rẹ̀: ẹni tí ó bá jogún S láti ọwọ́ bàbá àti ìyá ni yóò jẹ́ SS. Àṣetúnṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Jíìnì púpọ̀ ni ó ń fi díẹ̀díẹ̀ dá sí i, kò sì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí yóò sọ ọmọ tí yóò mú. Bí àwọn onímọ̀ bá wá lọ pè é ní 'àrùn ìdílé', ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣẹ́jú yóò pàdánù ọkọ nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan yàn láìronú. Ó sì yẹ kí àwọn tí ó kọ́ nípa S rántí pé ẹni tí ó jẹ́ AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà líle, gẹ́gẹ́ bí Allison ti fi hàn ní 1954. Ohun kan náà lè jẹ́ ìtẹ̀sí sí ewu níhìn-ín, kí ó jẹ́ apata lọ́hùn-ún. Kò sí 'ẹ̀jẹ̀ burúkú' nínú ọ̀rọ̀ yìí.

5. Ẹ̀ṣọ́ ara

Ní 2019, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ púpọ̀ fi jíìnì ènìyàn 4,819 tí Tourette ń ṣe wé ti ènìyàn 9,488 tí kò ṣe. Ibì kan ṣoṣo ni ó yọ jáde kedere, lórí jíìnì tí wọ́n ń pè ní FLT3, tí ó ní iṣẹ́ nínú bí ara ṣe ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, títí kan àwọn tí ń bá àrùn jà. Ìwádìí mìíràn ní 2021 tí ó wo àwọn jíìnì ní agbo-agbo fi hàn pé ọ̀nà méjì ni ìtẹ̀sí náà dà bí ẹni tí ó gbà: ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti ọ̀nà tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀.

Kí ni kí Yorùbá pe ètò ààbò yìí? 'Àjẹsára' ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn. Láyé àtijọ́, oògùn tí ènìyàn jẹ kí májèlé tàbí ìkà má lè ràn án ni àjẹsára. 'Abẹ́rẹ́ àjẹsára' sì ti di ti gbogbo ayé, pàápàá láti ìgbà àrùn kòrónà. Ṣùgbọ́n láti ìta ni àjẹsára ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ètò tí ọ̀rọ̀ kàn yìí, inú ara ni wọ́n bí i sí. Àwọn kan ti lo 'sójà ara' nígbà tí wọ́n pe kòkòrò éèdì ní 'kòkòrò apa sójà ara'. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní ẹ̀ṣọ́ kí sójà tó dé. 'Ẹ̀ṣọ́ ara' gbé èrò kan náà, ó sì fi ìtàn Ọ̀yọ́ kún un.

Ọ̀rọ̀ kan ń bí òmíràn. Lórí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àmì kan wà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń mọ ará ilé yàtọ̀ sí àjèjì. Jíìnì tí a mọ̀ sí HLA, lórí krómósóòmù kẹfà, ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ilà ojú ṣe fún ènìyàn nígbà ogun kò ní béèrè ìtumọ̀ 'ilà sẹ́ẹ̀lì' mọ́. Bí kòkòrò àrùn kan bá wá kọ ilà tí ó jọ ti onílé, ẹ̀ṣọ́ lè ṣì í mọ̀, kí ó dojú idà kọ onílé. Àwọn kan lè fẹ́ pe èyí ní ọ̀tẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kò mọ̀ọ́mọ̀. 'Àṣìmọ̀ ẹ̀ṣọ́' ni ó bá a mu.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó dájú wà. Kòkòrò streptococcus tí ó ń fa ọ̀fun dídùn lè fi àṣìmọ̀ ẹ̀ṣọ́ ba ọkàn ọmọ jẹ́, ó sì lè fa àìsàn tí orúkọ Sydenham wà lára rẹ̀, nínú èyí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ yóò máa jó ijó tí kò pè. Láti ibẹ̀ ni Susan Swedo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé ní 1998 nípa àádọ́ta ọmọ tí àṣetúnṣe wọn bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ó le sí i lójijì lẹ́yìn kòkòrò yìí. Ní 2017, ìwádìí kan ní Denmark lórí ọmọ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ rí i pé àwọn tí kòkòrò náà ti wọ ọ̀fun wọn ní ìtẹ̀sí sí àṣetúnṣe ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fun dídùn tí kì í ṣe ti kòkòrò yìí náà fi kún ewu, bí ó tilẹ̀ kéré sí i. Ní 2021, ìwádìí kan tí ó tẹ̀ lé ọmọ 715 ní ilẹ̀ Yúróòpù kò rí i pé kòkòrò náà ń mú kí àṣetúnṣe tí ó ti wà nílẹ̀ le sí i.

Nítorí náà, ẹjọ́ yìí kò tí ì parí, ìperí kò sì gbọdọ̀ dá a ṣáájú àwọn onídàájọ́. Bí ìwé kan bá lọ pe àṣetúnṣe ní 'àìsàn àṣìmọ̀ ẹ̀ṣọ́', ìgbàkígbà tí ọmọ bá ti ṣẹ́jú ni ìyá yóò máa sáré lọ sí kẹ́míìsì lọ ra kápúsù. Owó yóò lọ, kòkòrò yóò sì kọ́ bí a ti ń bá kápúsù jà. Kí wọ́n sọ pé ẹ̀ṣọ́ ara lè wà lára àwọn amúnitẹ̀sí, kí wọ́n dúró síbẹ̀.

6. Àtakò

Àwọn kan yóò sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni sáyẹ́ǹsì fi ń sọ̀rọ̀, kí ni ti ìperí Yorùbá? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Ìbàdàn gan-an. Nínú àwòrán jíìnì ọmọ ènìyàn tí wọ́n ń pè ní HapMap, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, àádọ́rùn-ún nínú ènìyàn 269 tí wọ́n lò jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn: ọgbọ̀n ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Títí di òní, sẹ́ẹ̀lì wọn wà nínú yàrá ìwádìí káàkiri ayé, lábẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, YRI. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti wọlé. Èdè Yorùbá ni ó kù sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ó sì di ti ìwádìí Tourette ti 2019, àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá nìkan ni wọ́n kà. Ọmọ Mọ́níyà kò sí nínú rẹ̀, kò sì lè sí nínú ti ọ̀la bí òbí rẹ̀ kò bá lè fi èdè ara rẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣe.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé inú jọ́nà ni ìperí máa ń kú sí. Òótọ́ ni fún èyí tí kò bá kúrò nínú jọ́nà. Láti 1970 ni àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀, lábẹ́ Fáfúnwá, ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Èdè Ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Awóbùlúyì ṣe ní 1990 gbé nítorí pé olùkọ́ gbé wọn wọ kíláàsì. Ti èdè àti lítíréṣọ̀ ni àwọn wọ̀nyí. Ti ìṣègùn ọmọdé ń dúró de ẹni tí yóò gbé e.

7. Ìkádìí

Ìperí mẹ́fà ni àpilẹ̀kọ yìí fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò: àṣetúnṣe amúni, ìtẹ̀sí àjogúnbá, amúnitẹ̀sí, ẹ̀ṣọ́ ara, ilà sẹ́ẹ̀lì, àti àṣìmọ̀ ẹ̀ṣọ́. Kí ìgbìmọ̀ kankan tó fi òǹtẹ̀ lù wọ́n, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí irú ibi bíi Mọ́níyà, kí nọ́ọ̀sì sọ wọ́n fún ìyá, kí wọ́n sì ní kí ìyá sọ ohun tí ó gbọ́ padà. Èyí tí ìyá bá fi gbọ́ pé ọmọ òun ti gba ègún, tàbí pé kápúsù ni yóò wò ó, kí wọ́n jù ú nù, bí ó ti wù kí ó dùn tó lẹ́nu ọ̀mọ̀wé. Èyí tí ó bá mú kí ó yí ìbéèrè rẹ̀ padà, láti 'Kí ni ọmọ yìí ń ṣe?' sí 'Kí ni ó ń ṣe ọmọ yìí?', kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìwé, kí wọ́n sì fi rán olùkọ́ ọmọ náà.